Bí a ṣe ń kó fíìmù 120 pamọ́ ní Òṣogbo kí ooru má bà á jẹ́

Ẹni tó bá ní kámẹ́rà olójú méjì lọ́wọ́ kò ní ṣàì máa rò ó bóyá fíìmù rẹ̀ ṣì máa wà ní ọdún mẹ́wàá sí i. Láti ọdún 1901 ni fíìmù 120, róòlù fíìmù fífẹ̀ tí a wé pọ̀ mọ́ bébà tí irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ń lò, ti wà, wọ́n sì ṣì ń ṣe é: ti Kodak ní Rochester ní Amẹ́ríkà, ti Ilford ní Mobberley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Foma ní Hradec Králové lórílẹ̀-èdè Czech. Fujifilm pa Acros, fíìmù dúdú-àti-funfun rẹ̀, tì lọ́dún 2018, ó sì dá a padà lọ́dún 2019 ní orúkọ Acros II. Kodak gbé Gold 200, fíìmù aláwọ̀, jáde ní 120 lọ́dún 2022. Fíìmù 220, tó gùn ní ìlọ́po méjì, ni ọwọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá rí i, ẹ má fi sínú kámẹ́rà tó ní ojú pupa lẹ́yìn (fèrèsé kékeré tí a fi ń wo nọ́ńbà fọ́tò), torí pé kò ní bébà tó dí ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tó ń pa fíìmù níhìn-ín ni ooru àti ọ̀rinrin. Òun la gbọ́dọ̀ ṣọ́.

1. Ẹ ra ìwọ̀n tí ẹ máa lò. Róòlù kan ń fún wa ní fọ́tò 12 ní ìwọ̀n 6×6 (sẹ̀ǹtímítà), 10 ní 6×7, 8 ní 6×9. Ẹni tó ń ya róòlù 2 lóṣù máa lo 24 lọ́dún. Bí ẹ bá kó róòlù 30 pamọ́, ó tó. Dúdú-àti-funfun ISO 100 sí 400 ló dára jù fún ìpamọ́ (ISO ni nọ́ńbà tó ń sọ bí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí). Àwọ̀ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí ìpele àwọ̀ inú rẹ̀ kì í gbó lọ́gbọọgba. Ẹ má to ISO 3200 jọ rárá: ìtànṣán tó ń ti ojú ọ̀run wá ń bà á jẹ́, fíríísà kò sì lè dí i. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí kí ẹ tó sanwó.

2. Bí ẹnì kan bá ń bá yín mú un bọ̀ láti òkè òkun, ẹ sọ fún un kó fi sínú báàgì ọwọ́, kó má fi sínú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èrò. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù bẹ́ẹ̀ wò lágbára púpọ̀. Àwọn ẹ̀rọ CT tuntun tí wọ́n fi ń yẹ báàgì ọwọ́ wò náà ń ba fíìmù jẹ́, nítorí náà kó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

3. Títò ó sínú òtútù. Ẹ má já fóìlì tó wà lára róòlù. Ẹ kó róòlù 5 tàbí 6 sínú nọ́lọ́nù tó ń dẹ́nu, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ gbé e sínú ike onídérí. Ẹ fi pákẹ́ẹ̀tì kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun méjì sí i, ẹ kọ ọjọ́ sára ike náà. Èyí tí ẹ máa lò láàárín ọdún kan, ẹ fi sí fíríìjì. Ìyókù, sí fíríísà. Ẹ má gbé e sí ẹnu ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ló máa ń gbóná jù.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni ìṣòro tó le jù. Kì í ṣe wákàtí mẹ́fà tí iná fi lọ ló ń ba fíìmù jẹ́, bí kò ṣe kó máa yọ́ kó sì tún máa dì. Ẹ to ìgò omi dídì yí ike náà ká, ẹ má sì ṣí fíríísà títí iná á fi dé.

4. Mímú un jáde. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe é tì. Ẹ wo ara ìgò omi tútù tí ẹ gbé sórí tábìlì lóṣù kẹjọ, bí omi ṣe ń ṣàn lára rẹ̀. Bí ẹ bá já fóìlì kó tó gbóná, omi yẹn á lọ bà sára fíìmù àti bébà ẹ̀yìn rẹ̀, nọ́ńbà orí bébà á sì hàn nínú ojú ọ̀run fọ́tò yín. Ní nǹkan bí ọdún 2016, irú àbùkù bẹ́ẹ̀ bá àwọn fíìmù 120 Kodak kan. Ooru àti ọ̀rinrin sì wà lára ohun tó ń fà á. Èyí tó ti fíríìjì wá, ẹ fún un ní wákàtí mẹ́ta. Ti fíríísà, ẹ gbé e síta lálẹ́, ẹ já a láàárọ̀.

5. Lẹ́yìn tí ẹ bá yà á tán. Abẹ́ òjìji ni kí ẹ ti yọ ọ́. Ẹ wé e le kí ẹ tó lẹ ìlẹ̀mọ́ rẹ̀. Èyí tó bá tú díẹ̀ á gba ìmọ́lẹ̀ láti etí. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò, ẹ sì fọ̀ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. HP5 Plus (fíìmù dúdú-àti-funfun ti Ilford) nínú D-76 (oògùn tí a fi ń fọ fíìmù) tí a kò bu omi là gba ìṣẹ́jú 7 àti ààbọ̀ ní 20 °C. Omi ẹ̀rọ wa gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ gbé ìgò oògùn náà sínú abọ́ omi dídì. Ẹ má ju yìnyín sínú oògùn fúnra rẹ̀, á là á.

6. Fíìmù tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá kì í ṣe ìdọ̀tí. Bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀ sínú òtútù, ẹ fún un ní stop kan sí i (ìyẹn ìmọ́lẹ̀ ní ìlọ́po méjì) fún ọdún mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ yan róòlù kan nínú wọn, ẹ ya ohun kan náà ní ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta, ẹ fọ̀ ọ́. Bí etí nẹ́gátíìfù níbi tí kò sí fọ́tò bá ti dúdú, ẹ má gbé ìyókù lọ síbi ìgbéyàwó.