Bí a ṣe ń fi sitéènì ṣe sunburst sára gìtá tá a fọwọ́ ara wa gbẹ́

Ẹ̀yin ará ilẹ̀ Òkun, láti Kàbbà dé Ẹ̀gbẹ̀, òkun o. Mo ń rí gìtá táwọn ọmọ wa ń gbẹ́ fúnra wọn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn dáa gan-an, àmọ́ tó bá ti kan kí wọ́n kùn ún, ọ̀dà ilẹ̀kùn ni wọ́n máa dà lé e lórí, gbogbo ẹwà ara igi á bò mọ́lẹ̀, ó máa ń dùn mí gan-an. Ẹ jẹ́ ká lo sitéènì, ìyẹn àwọ̀ olómi tó máa ń wọnú igi láìbo ẹwà ara ẹ̀. Sunburst ni pé kí àárín gìtá mọ́lẹ̀ bíi yẹ́lò, kó máa dúdú lọ díẹ̀díẹ̀ títí dé etí. Nígbà tí Fender, iléeṣẹ́ tó ń ṣe gìtá, gbé gìtá Stratocaster jáde lọ́dún 1954, yẹ́lò àti dúdú nìkan ni sunburst wọn ní, 1958 ni wọ́n tó fi pupa sáàárín.

Igi ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Ẹ wá igi tí ara ẹ̀ mọ́lẹ̀, bí afárá tàbí arère, torí ọ̀gànwó ti pọ́n tẹ́lẹ̀, yẹ́lò ò ní hàn dáadáa lára ẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé igi wa ò tó fi ṣe gìtá o, afárá yìí kan náà ni Gibson, iléeṣẹ́ gìtá míì, ń pè ní korina, òun ni wọ́n fi ṣe gìtá Flying V àti Explorer lọ́dún 1958.

Ẹ fi sáńpépà 120 bẹ̀rẹ̀, ẹ bọ́ sí 180, kẹ́ ẹ wá fi 220 parí ẹ̀. Ìlà ara igi ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé, torí gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá ti ha igi dábùú ni sitéènì máa tú fó. Ẹ fi àkísà tútù nù ún, irun igi á dìde, tó bá gbẹ kẹ́ ẹ rọra fi 220 gé e lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibi tí wọ́n ti gé pákó dábùú, ìyẹn nísàlẹ̀ gìtá àti lórí ìwo méjèèjì tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ẹ̀, ẹ bá a dé 400, torí ibẹ̀ máa ń mu sitéènì ju ibòmíì lọ, á sì dúdú jù. Nígbà tí igi ṣì tutù yẹn náà lẹ máa rí ibi tí gọ́ọ̀mù kápẹ́ńtà ta sí, kò ní mu omi bí ibi tó kù, ẹ ha á kúrò pátápátá torí sitéènì ò lè wọ ibẹ̀.

Sitéènì oníyẹ̀fun tó ń yòrò nínú omi ni mo fẹ́ràn, torí ti sípíríìtì máa ń yára gbẹ jù, pàápàá nígbà ọyẹ́, kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè da àwọ̀ pọ̀ mọ́ra wọn. Ẹ po yẹ́lò, bíráùn tó pọ́n díẹ̀, àti dúdú sínú agolo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí kálukú ní àkísà tiẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára àjákù pákó kan náà. Tó bá gbẹ, á dà bíi pé ó ṣá, ẹ má bẹ̀rù, láákà, ìyẹn ọ̀dà dídán tí kò láwọ̀ tá a máa fi lé e lórí, á jí i.

Ó ku iṣẹ́ gan-an wàyí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ fi yẹ́lò pa gbogbo ojú gìtá. Kó tó gbẹ, ẹ mú bíráùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí, kẹ́ ẹ fà á wọnú bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ fúyẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń súnmọ́ àárín. Ẹ wá mú àkísà yẹ́lò, kẹ́ ẹ máa yí i po níbi tí àwọ̀ méjèèjì ti pàdé, yíyí kéékèèké, kẹ́ ẹ máa yí àkísà síbi tó mọ́ ní gbogbo ìgbà títí tẹ́ ẹ ò fi ní rí ààlà mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa ṣe dúdú, àmọ́ sẹ̀ǹtímítà méjì ti tó, kí àkísà ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ ni, ẹ má nù ún. Ìwo gìtá tín-ín-rín, ẹ jẹ́ kí dúdú ibẹ̀ kéré kí yẹ́lò lè wọbẹ̀. Ẹ máa dìde, kẹ́ ẹ rìn sẹ́yìn, kẹ́ ẹ wò ó lókèèrè. Díẹ̀díẹ̀ ni o, torí ẹ lè fi dúdú kún un nígbàkigbà, yíyọ ẹ̀ ló ṣòro. Tó bá ti wọnú jù tó sì ti gbẹ, ẹ fi sáńpépà 320 gé ibẹ̀, kẹ́ ẹ fi yẹ́lò tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Láákà tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ fi lé e, ẹ sípíréè ẹ̀ ni, kó fẹ́lẹ́, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án torí búrọ́ọ̀ṣì lè fa àwọ̀ yín rú. Tí òjò bá ń rọ̀ ẹ sinmi, omi inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ́ kí láákà funfun bíi kùrukùru. Nígbà ọyẹ́, eruku ni wàhálà, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kẹ́ ẹ lo ìbòmú, kí jẹnẹrétọ̀ àti iná jìnnà síbẹ̀ torí tínà tí wọ́n fi ń po láákà máa ń gbaná.

Ẹ fi sílẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta títí òórùn láákà á fi lọ, kẹ́ ẹ fi sáńpépà 1000 àti 2000 pẹ̀lú omi ọṣẹ dán an, ẹ ṣọ́ etí o, ibẹ̀ ló máa ń yára já dé sitéènì, kẹ́ ẹ wá lo kọ́ńpáùǹ táwọn tó ń kun mọ́tò ń lò. Tẹ́ ẹ bá gbé e kọ́, kó má jẹ́ ibi tí oòrùn ń ràn sí, torí pupa inú sitéènì máa ń ṣá, bí ti ọ̀pọ̀ Fender ìgbà 1958 yẹn ṣe ṣá tó wá ku yẹ́lò àti dúdú.