Bí mo ṣe pa WPS lára ráútà ṣọ́ọ̀bù wa ní Kàbà

Dátà oṣù kan là ń rà sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà wa ní Kàbà, oṣù kì í sì í dá sí méjì kó tó tán. Bẹ́ẹ̀, ìwé títẹ̀ àti yíyẹ èsì WAEC wò nìkan là ń fi ṣe! Owó wa làwọn kan ń jẹ, ìyẹn ló bí mi nínú.

Wíwọ inú ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi wa, kò le: ẹ tẹ 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1 sí bíráúsà, ó wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Mo yí pásíwọ́ọ̀dù admin àti ti Wi-Fi. Láìpẹ́, àwọn fóònù tí a kò mọ̀ tún ti so mọ́ ọn.

Ọ̀pọ̀ ló máa ní kí ẹ fi MAC filter lé wọn, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ tí ẹ kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ nìkan wọlé. Ẹ má gbára lé e. Gbangba ni gbogbo ẹ̀rọ ń fi àdírẹ́sì MAC ránṣẹ́, WPA2, ìyẹn ààbò Wi-Fi, kì í bò ó. Ẹni tó bá da ti pírińtà yín kọ, filter yóò jẹ́ kó kọjá.

WPS, ètò tó ń jẹ́ kí fóònù fi bọ́tìnnì tàbí PIN so mọ́ Wi-Fi láìtẹ pásíwọ́ọ̀dù, ni ihò náà. Nọ́ńbà 8 ni PIN rẹ̀, ṣùgbọ́n ráútà máa ń dá 4 àkọ́kọ́ yẹ̀ wò lọ́tọ̀, èyí tó kẹ́yìn sì ṣeé ṣírò láti ara 7 ìyókù. Nítorí náà, 10,000 pẹ̀lú 1,000 péré ni olè ní láti dán wò. Láti 2011 ni Stefan Viehböck ti tú àṣírí yìí. Ẹni tó bá sì ti mọ PIN, ráútà fúnra rẹ̀ ni yóò máa fún un ní pásíwọ́ọ̀dù tuntun, bó ti wù kí ẹ yí i tó.

Ibi tó yọ mí lẹ́nu jù rèé. Mo pa WPS, mo tẹ “Save”, mo pa ráútà, mo tún un tàn. Áàpù tó ń yẹ Wi-Fi wò ṣì ń kọ WPS sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wa. Bọ́tìnnì WPS ara ráútà nìkan ni ohun tí mo ṣe yẹn pa, PIN ṣì ń dáhùn! Ẹni tó tà á fún wa ní ká ra òmíràn. Mo kọ̀.

Firmware tuntun, ìyẹn ètò tó ń darí ráútà, ló yanjú ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ bá nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì ráútà àti ẹ̀dà rẹ̀ (V1 tàbí V2) mu régí. Wáyà ni kí ẹ fi gbé e wọlé, kì í ṣe Wi-Fi, kí ráútà sì wà lórí ínfátà: bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, ráútà lè kú pátápátá. Ẹ kọ APN yín, ìyẹn orúkọ tí ráútà fi ń wọ dátà ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí tiwa pa rẹ́. Lẹ́yìn èyí, WPS kò hàn mọ́ lórí áàpù. Inú mi dùn gan-an!

Ìgbà tí WPS bá ti kú ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí pásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi, kí ẹ sì pa “Remote Management” pẹ̀lú, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí ẹni tó wà níta wọ inú ráútà láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì.