Bí Mo Ṣe Yan Sípíríǹgì Kílọ́ọ̀ṣì fún Alùpùpù Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin Mi ní Àbújá

Òórùn rọ́bà tó ń jó ló kọ́kọ́ ta mí lólobó. Òwúrọ̀ Sátidé kan ni, àwa mẹ́rin ń gun òkè olókùúta kan lẹ́yìn Ushafa, lápá ọ̀nà Bwari, oníkálukú lórí alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tirẹ̀. Àwọn mẹ́ta gùn ún lọ wẹ́rẹ́. Tèmi ń pariwo bí ọlọ ata, ṣùgbọ́n táyà ò fẹ́ yí. Kí n tó dé orí òkè, èéfín ti ń rú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ òsì mi. Ẹ̀gbọ́n tó máa ń ṣáájú wa sọ̀kalẹ̀, ó fi imú fa òórùn náà, ó ní, "Àbúrò, bẹ́líìtì ẹ ló ń sunkún yẹn o."

Oṣù kan ṣáájú ọjọ́ yẹn ni mo pààrọ̀ táyà. Táyà 25 ínṣì ló bá a wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Mo tú u, mo fi 27 ínṣì tó ní eyín gbàǹgbà sí i nítorí ẹrẹ̀ àsìkò òjò. Gbogbo ẹni tó rí i ló ń yìn mí. Mi ò rò ó pé ẹrù ni mo dì ru ẹ́ńjìnnì yẹn: táyà tó ga tó sì wúwo, ọ̀tọ̀ ni agbára tó máa fi yí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, torí kì í ṣe irú kílọ́ọ̀ṣì tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nínú mọ́tò. Kílọ́ọ̀ṣì méjì ló wà lábẹ́ ìdérí oníke dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, bẹ́líìtì rọ́bà kan ló so wọ́n pọ̀. Ti iwájú wà lára ẹ́ńjìnnì, ti ẹ̀yìn wà lára gíà. Àwo irin méjì tó dojú kọra ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bẹ́líìtì wà láàárín. Ní ti iwájú, sípíríǹgì ló ń ti àwo méjèèjì jìnnà síra, kí bẹ́líìtì lè sinmi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní sílò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sáré, àwọn irin kéékèèké inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wéètì á fẹ́ fò síta, wọ́n á ti àwo kan mọ́ èkejì, wọ́n á ká bẹ́líìtì mọ́, ọkọ̀ á gbéra. Bí eré ṣe ń pọ̀ sí i ni bẹ́líìtì á máa gòkè lára àwo iwájú, tí á sì máa rì sínú ti ẹ̀yìn. Bí gíà ṣe ń yí fúnra rẹ̀ nìyẹn. Sípíríǹgì ti ẹ̀yìn kì í ti àwo síta ní tirẹ̀, ṣe ló ń fún wọn pọ̀. Òun ló ń di bẹ́líìtì mú kó má yọ̀, òun náà ló sì ń dá ọkọ̀ padà sí gíà kékeré bí òkè bá dé.

Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń rí nọ́ńbà méjì lára sípíríǹgì iwájú, bíi 80/180. Ìwọ̀n pọ́ùn ni. Èyí àkọ́kọ́ ni agbára tó fi ń tì nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì ṣí sílẹ̀, ìyẹn ló ń sọ ibi tí ẹ́ńjìnnì máa sáré dé kí ọkọ̀ tó gbéra. Èkejì ni agbára rẹ̀ nígbà tí àwo ti pàdé tán, ìyẹn sì ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe máa sáré tó lórí eré ńlá. Ẹni tó bá ní Yamaha Grizzly, alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin mìíràn, ẹ má wá sípíríǹgì iwájú kiri nítorí tèmi o, kò sí níbẹ̀. Rólà, ìyẹn wéètì róbótó tó ń yí, ló ń ti àwo tirẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì mìíràn tó wà nínú ọ́ìlì ló sì ń gbé e gbéra. Ti ẹ̀yìn nìkan lẹ máa bá sípíríǹgì.

Lójú mi, táyà ló fa gbogbo wàhálà. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa ní sípíríǹgì tó le jù lọ ni kí n rà, pé ẹni tó fẹ́ gun òkè kì í ra nǹkan rírọ̀. Mo lọ bá ẹni tó ń ta pátì. Kò bi mí ní nọ́ńbà, àwọ̀ ló bi mí. Ó mú pupa kan wá, ó ní òun ni gbogbo àwọn tó ń gun òkè ń rà. Ó wọ inú kílọ́ọ̀ṣì mi rẹ́gí, inú mi dùn.

Kí n má parọ́, ó gun òkè. Wàhálà rẹ̀ wà ní ibi gbogbo tó kù. Mo tẹná díẹ̀, kò mira. Mo fi díẹ̀ kún un, kò mira. Mo tún fi kún un, ó fò bí àgbò tó já okùn. Lórí òkúta, níbi tó yẹ kéèyàn máa rọra rá bí ìgbín, ṣe ni ẹsẹ̀ iwájú ń gbé sókè. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ fi ẹ̀yìn wọlé ní Kubwa, ó fi ìdí gbá ìkòkò òdòdó ìyàwó mi. Ìkòkò Ushafa gan-an ni, èyí tí àwọn ìyá ibẹ̀ fi ọwọ́ mọ. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan. Ó kàn kó àwọn àpáàdì náà sórí ìjókòó alùpùpù, ó fi wọ́n síbẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ìgbà yẹn ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá, mẹkáníìkì wa. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọ́n ti pẹ́ ní Àbújá débi pé Hausa wọn yọ̀ ju Yorùbá tèmi lọ. Wọ́n tẹ́tí sí ìròyìn mi tán, wọ́n ní, "Ẹ́ńjìnnì náà ń sáré tó mélòó kó tó gbéra?" Mo ní mi ò mọ̀. "Lórí òkè yẹn ńkọ́?" Mi ò mọ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Kí lo wá fi yan sípíríǹgì?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, àmọ́ òótọ́ ni. Mo ra mítà kékeré kan tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì. Wáyà rẹ̀ lèèyàn máa ń wé mọ́ wáyà púlọ́ọ̀gì, ó tán. Mo tún dá sípíríǹgì àtijọ́ padà, kí n lè mọ ibi tí mo ti ń bọ̀. Sílò rẹ̀ jẹ́ 1,200 ní ìṣẹ́jú kan, ọkọ̀ sì ti ń fẹ́ rìn ní 1,350. Lójú ẹsẹ̀ ni ohun kan tí mo ti ń rí láti ọjọ́ pípẹ́ wá yé mi. Bí mo bá fẹ́ fa gíà kúrò ní fírí, á máa dún gàràgàrà, á máa kọ̀. Mo rò pé gíà ló ti jẹ. Kì í ṣe gíà rárá. Sípíríǹgì iwájú ló ti rẹ̀, kò lè ti àwo kúrò lára bẹ́líìtì mọ́, bẹ́líìtì ń fà nígbà tó yẹ kó sinmi. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó pààrọ̀ táyà.

Lórí òkè Ushafa, bí mo bá tẹná délẹ̀, 5,200 ló ń dé. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá sì sọ pé nítòsí 6,000 ni agbára ẹ́ńjìnnì yìí wà. Nígbà náà, ọ̀ràn méjì ni mo ní, ti gbígbéra àti ti òkè, èmi sì fẹ́ fi sípíríǹgì kan ṣoṣo tán an.

Ibi tí mo gbádùn jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí. Bàbá ní ẹ̀rọ dírílì kan tó ń dúró lórí tábìlì. Mo gbé òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ara wa nílé wá, a gbé e sábẹ́ dírílì náà. A wọn gígùn àyè tí sípíríǹgì máa ń wà nínú kílọ́ọ̀ṣì nígbà tó ṣí, a wá fi dírílì tẹ sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan mọ́ òṣùwọ̀n títí ó fi dé gígùn yẹn. Ti àtijọ́ gbé kílò 28. Pupa gbé 53. Ìwé ní 80 pọ́ùn ló yẹ kó jẹ́, ìyẹn kílò 36. Ọ̀kan kéré, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àwọ̀ ra sípíríǹgì. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí pupa túmọ̀ sí lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan, ọ̀tọ̀ ni lọ́dọ̀ òmíràn.

Àna mi kan ní Èkó ló bá mi wá èyí tí wọ́n kọ 80/180 sí lára. Kó tó fi ránṣẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé nítorí irin wẹ́ẹ́rẹ́ yìí lẹ ṣe ń pè mí látàárọ̀?" A gbé e sórí òṣùwọ̀n, kílò 36 géérégé.

Nípa títú u: púlà, irinṣẹ́ tó ń fa nǹkan yọ, ni wọ́n fi ń yọ kílọ́ọ̀ṣì iwájú, kì í ṣe háámà. Ọmọ iṣẹ́ Bàbá kan ti gbé háámà sókè kí wọ́n tó jágbe mọ́ ọn. Àwo tó bá ti wọ́ díẹ̀ báyìí, gbígbọ̀n ló máa máa gbọ̀n títí ayé. Kí ẹ tó ṣí ìdérí kílọ́ọ̀ṣì náà fúnra rẹ̀, ẹ fi nǹkan sàmì sí ibi tó dojú kọ, kí ẹ lè dá a padà síbẹ̀ gan-an, torí wọ́n ti wọ̀n ọ́n dọ́gba láti ilé iṣẹ́. Àwọn bóòtù náà, díẹ̀díẹ̀ yíká ni kí ẹ máa dẹ̀ wọ́n, ẹ má tú ẹyọ kan tán kí ẹ tó kan èkejì. Sípíríǹgì wà lábẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ jáde. Mo fi aṣọ gbígbẹ nu eruku ọyẹ́ tó ti di pupa lára àwo. Gíríìsì ò gbọdọ̀ kan ibẹ̀.

Pẹ̀lú èyí tuntun, ọkọ̀ ń gbéra ní 1,700, jẹ́jẹ́, gíà sì ń wọlé láìdún. Lórí òkè, 5,500. Ó ti sàn, àmọ́ kò tíì dé ibẹ̀.

Ti ẹ̀yìn ló kù. Mo ti fẹ́ sọ pé kí àna mi tún wá òmíràn ni Bàbá ní kí n fara balẹ̀. Irú kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn tèmi ní àwọn ihò tí wọ́n ń ki ìrù sípíríǹgì bọ̀. Bí ẹ bá sún un sí ihò tó tẹ̀ lé e, ẹ ti lọ́ ọ le sí i nìyẹn, kọ́bọ̀ ò jáde. Ihò kan péré la sún. Mo padà sí òkè kan náà, gíà kan náà, èmi nìkan lórí ìjókòó, mo tẹná délẹ̀: 5,900. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé bí mo bá dẹwọ́ lórí iná tí mo sì tún tẹ̀ ẹ́ láàárín òkè, kíá ló ń padà sí gíà kékeré. Tẹ́lẹ̀, ṣe ló máa ń rò ó ná.

Ojúkòkòrò mú kí n sún un ní ihò kan sí i. Mítà wọ 6,200, ṣùgbọ́n lórí títẹ́jú, ní ọ̀nà tó lọ sí ìdídò Usuma, ẹ́ńjìnnì kàn ń pariwo lásán, ìdérí oníke náà sì gbóná débi pé mi ò lè gbé ọwọ́ lé e. Àwo ti ń fún bẹ́líìtì ju bó ṣe yẹ lọ. Mo dá a padà sí ihò kan. Mo pàdánù eré díẹ̀ lórí ọ̀dà, kò dùn mí. Èmi ò ra nǹkan yìí láti fi bá dánfó sáré.

A lọ sí Jos lẹ́yìn ìyẹn, sí Òkè Shere. Níbẹ̀ ó rẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, kò kọjá 5,600. Mo ti ń wo kílọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìbínú kí n tó rántí pé Jos fi nǹkan bíi 800 mítà ga ju Àbújá lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì máa ń pàdánù bí ìdá 3 nínú 100 agbára rẹ̀ ní gbogbo 300 mítà tó bá gùn. Wéètì tó fúyẹ́ ni ẹni tó ń gbé ibẹ̀ máa wá, kì í ṣe sípíríǹgì. Ọjọ́ méjì péré lèmi máa lò, mo fa gíà sí L, ìyẹn gíà tó lọ́ra jù tó sì lágbára jù, mo rọra ń lọ. Ó sì yẹ kí n ti máa lo L yẹn ní Ushafa láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ìyẹn la máa ń rò pé ti àwọn tó ń fa igi ni.

Mo ti gun òkè Ushafa yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́jọ láti ìgbà náà lórí bẹ́líìtì kan ṣoṣo, kò sí òórùn. Mo ra ìkòkò méjì dípò ẹyọ kan. Sípíríǹgì pupa náà, máígáàdì wa ló bẹ̀ mí fún un, ó fi sí ilẹ̀kùn kékeré ẹnu géètì. Bí ẹ bá wá kí wa, ẹ tètè wọlé, torí gbàù ló fi ń pa dé.