Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Wíwọn Ìjìnlẹ̀ Adágún Orí Òkè

Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ yìí, tí wọ́n ná owó rẹpẹtẹ lórí sónà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń rán ìró sínú omi láti fi mọ bí ó ti jìn tó, tí wọ́n gba alágbàárù kí ó bá wọn gbé ọkọ̀ rọ́bà gun òkè, tí wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú àwòrán ìsàlẹ̀ omi tí kò ṣeé gbára lé.

Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe wọn àárín omi nìkan kí ẹ wá máa fojú bu ìyókù.

Èkejì, ẹ má ṣe fi okùn ọ̀rá wọn omi jíjìn, nítorí pé ó máa ń nà. Wáyà irin tí wọ́n fi ń ṣe dùùrù ni Clarence Dutton, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi wọn adágún Crater Lake ní Oregon, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1886, wọ́n sì rí nǹkan bí mítà 608. Sónà ọdún 2000 fi hàn pé 594 ni. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ òde òní kò ní àwáwí bí tirẹ̀ bá yà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tí ó ń bí mi nínú jùlọ ni pé wọn kì í yí ìyára ìró tí ẹ̀rọ fi ń ṣírò padà kí ó bá omi tí wọ́n wà mu. Àkókò tí ìró fi lọ tí ó fi bọ̀ ni sónà ń kà, kì í ṣe ìjìnlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n ti yí sí mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí ó bá omi òkun mu. Ṣùgbọ́n nínú omi tútù tí kò ní iyọ̀, tí ó wà ní ìwọ̀n 5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nǹkan bí 1,426 ni. Ibi tí ẹ̀rọ bá pè ní mítà 100, 95 ni. Mo ti rí àwọn kan tí wọ́n wọn adágún kan nígbà ooru, tí wọ́n tún un wọ̀n nígbà tí omi ti tutù, tí wọ́n wá ń jiyàn pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti rì. Ẹ so àwo irin pẹlẹbẹ mọ́ ṣéènì tí ẹ ti sàmì sí, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ tààrà lábẹ́ ojú sónà: bí àwo bá wà ní mítà 10 tí ẹ̀rọ sì ń ka 10.5, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó wa ọkọ̀ síwájú.

Ẹ má ṣe kúrò láìsàmì ibi tí omi dé lára àpáta lọ́jọ́ náà, nítorí pé yìnyín tí ó bá yọ́ lè gbé ojú omi sókè.

Létí ògiri àpáta, ìró máa ń fẹjú bí ó ti ń lọ sísàlẹ̀, yóò kọ́kọ́ kan ẹ̀gbẹ́ àpáta, ẹ̀rọ a sì pe ọ̀gbun ní ibi tí kò jìn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wa ọkọ̀ ní ìlà-ìlà láti etí omi kan dé èkejì, ẹ wa ìlà díẹ̀ dábùú wọn. Bí nọ́ńbà kò bá bára mu níbi tí ìlà méjì ti pàdé, ẹ má tíì sọ̀kalẹ̀.