Túùnì wo ni kí o gbé sórí ọrùn wo?

Àbúrò mi kan pè mí láti Dallas lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ó ti ra gìtá irin ọlọ́rùn mẹ́ta, irú èyí tí a ń sún irin kan lórí okùn rẹ̀ dípò kí a fi ìka tẹ̀ ẹ́, lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan tí kò lágbára láti máa gbé e kiri mọ́. Okùn mẹ́jọ ló wà lórí ọrùn kọ̀ọ̀kan, ìyẹn okùn mẹ́rìnlélógún. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o. Túùnì wo ni kí n gbé sórí ìkọ̀ọ̀kan?" Mo ní kó kọ́kọ́ bọ́ gbogbo okùn orí ọrùn méjì sílẹ̀ ná. Ó rò pé mò ń ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Mi ò ṣẹ̀fẹ̀ rárá. Nígbà tí mo ra tèmi níbí ní Houston, alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo di okùn sí gbogbo ọrùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo to ọ̀kan sí C6 (orúkọ kọ́ọ̀dù tí okùn ń dún tí irin kò bá kàn án ni à ń pe túùnì), mo to èkejì sí A6, mo tún wá to ẹ̀kẹta sí oríṣi C6 mìíràn. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń fò láti ọrùn dé ọrùn bí ọ̀bọ kí n tó mọ̀ pé ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. A6 kò yàtọ̀ sí C6, ìsàlẹ̀ díẹ̀ ló kàn wà. Gbé irin sí ìlà kẹta nínú àwọn ìlà tí a fà sórí ọrùn A6, ohùn C6 tí a kò fi irin kàn ni wàá gbọ́. Mo ti fi owó àti ẹ̀yìn mi ra ohun tí mo ti ní nílé.

Nítorí náà, má jẹ́ kí létà tàn ọ́. Pe túùnì ní dò-re-mí, wàá rí ohun tó wà nínú rẹ̀. C6 olókùn mẹ́jọ, láti orí okùn tó nípọn jù dé èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ni A C E G A C E G: là dò mí sọ̀, là dò mí sọ̀. A6 náà, dò mí sọ̀ là ni. Kíì, ìyẹn ibi tí dò orin wà, kò ṣòro fún wa, irin ọwọ́ òsì ti mú gbogbo kíì wá: ìlà karùn-ún lórí C6 ni F, ìlà keje ni G, ìlà kejìlá ni C padà. Ohun tí irin kò lè ṣe ni kó yí okùn kan padà kó sì fi ìyókù sílẹ̀, àfi tí o bá dagun rẹ̀, dídagun irin ò sì rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ìdí tí wọ́n ṣe ń fi ọrùn kún ọrùn láyé àtijọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn tí Bud Isaacs, onígìtá irin, ti fi pẹ́dà tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ yí okùn nínú orin Webb Pierce, olórin kọ́ńtírì, tó jáde ní 1954, ọ̀pọ̀ onígìtá irin ní Amẹ́ríkà ló sáré lọ wá pẹ́dà. Gìtá oní-pẹ́dà náà ni Adémọ́lá Adépọ̀jù fi dá àwa ọmọ jùjú lára yá nígbà tó wà nínú ẹgbẹ́ African Beats ti Sunny Adé. Tí o bá ń wá gbogbo ohun tó ń ṣe lórí tiwa tí kò ní pẹ́dà, wàá kàn máa da ara rẹ láàmú ni.

Ọrùn àkọ́kọ́: C6 ni mo fi mọ́ ọn. Okùn là dò mí sọ̀ kan náà ló ń fún ọ ní kọ́ọ̀dù C aláyọ̀ àti kọ́ọ̀dù A máínọ̀, láìsún irin. Ní òde ìnáwó, níbi tí orin lè dúró lórí kọ́ọ̀dù méjì fún ogún ìṣẹ́jú tí àwọn èèyàn ń náwó fún ìyàwó, kò sí ohun tí mo tún ń wá.

Ṣọ́ọ̀ṣì ló tú mi fó. Nínú ìjọ wa, ìjọ aláṣọ funfun, atẹdùùrù máa ń fi kọ́ọ̀dù sọ̀ tí wọ́n ń kọ 7 sí lẹ́yìn (bíi G7) padà sí dò ní ìparí gbogbo orin ìwé. Mo wá ohùn yẹn lórí C6, mi ò rí i. Kò lè sí níbẹ̀: tí a bá pe ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀dù yẹn ní dò, ó ń fẹ́ mí àti tá pa pọ̀, tá ni tí tí a rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kò sì sí okùn méjì nínú C6 tó jìnnà síra bí àwọn méjì yẹn ṣe jìnnà síra. Mo rò pé àfi kí n lo ọrùn mìíràn.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ka okùn láti orí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, dúró lórí ìkeje, C tó nípọn. Gbé e sókè díẹ̀ kó di C#. Ó parí. Okùn mẹ́rin ìsàlẹ̀ ti di A C# E G, ìyẹn A7, mẹ́rin òkè ṣì jẹ́ C6 bó ṣe wà. Wàyí o, tí orin bá wà ní kíì C: ìlà kẹwàá, okùn ìsàlẹ̀, G7 nìyẹn, sún irin ní ìlà méjì sí kejìlá, gba okùn òkè, o ti dé ilé. Ohun tó ná ọ kò ju pé kí o má fọwọ́ kan okùn keje nígbà tí o bá ń ta kọ́ọ̀dù C kíkún. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò lọ́jọ́ Ìsinmi, atẹdùùrù wa yí ọrùn wò mí, ó mi orí.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí o tó béèrè ọrùn kejì, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀: kí ni mo ń gbọ́ lórí tí ọrùn àkọ́kọ́ kò lè sọ? Tèmi ni fèrè. Orin haílàìfù kún fún fèrè tó ń dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan tó sì ń dákẹ́. E13 ló súnmọ́ ọn jù. Bí mo ṣe to tèmi láti ìsàlẹ̀ sókè ni E G# B D F# G# C# E: dò mí sọ̀ tá re mí là dò. Fà á lẹ́ẹ̀kan, tẹ ọwọ́ lé e kíá, kọ́nẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ti dé. Àwọn tó ń ta orin ijó Texas, bíi Leon McAuliffe tó wà lọ́dọ̀ Bob Wills, mọ adùn E13 yìí dáadáa. Tí orin Hawaii bá jẹ́ tìrẹ, B11 ni kí o gbé síbẹ̀ dípò rẹ̀. Tí o kò bá ta ìkankan nínú méjèèjì, fi ọrùn náà sílẹ̀ lófìfo, kò ní bínú.

Ọrùn kẹta mi, dò mí sọ̀ lásán ni: E G# B E G# B E G#. Àwọn aláwọ̀ dúdú ìjọ House of God ní Amẹ́ríkà ti ń fi gìtá irin gbé ẹ̀mí sókè láti àwọn ọdún 1930, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì fẹ́ràn irú túùnì gbalasa yìí. Ohun tí mo ń lò ó fún ni ọ̀rọ̀ sísọ, bí dùndún. Lórí okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ìlà kẹta ni mo pè ní dò níbí, ìkarùn-ún ni re, ìkeje ni mí. "Bàbá mi": bẹ̀rẹ̀ ní ìkẹta, fà á dé ìkeje, padà sí ìkarùn-ún. Tún un ṣe, ìjọ á dáhùn. Lóòótọ́, okùn C6 náà lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ bá ṣèèṣì kan okùn ẹ̀gbẹ́ níbẹ̀, là á yọjú, á da ọ̀rọ̀ rú. Lórí èyí, ohun yòówù tí o bá ṣèèṣì kàn á bá a mu.

Okùn ńkọ́? Má fi okùn túùnì kan gbé òmíràn. Ní ìṣọ́ òru kan, mo fẹ́ gbé E tó jẹ́ .015 (bí okùn ṣe nípọn tó ní ínṣì) lọ sí G láti sọ A6 di C6 kíákíá. Ó já mọ́ mi lójú, ó ya àtàǹpàkò mi, mo fi ẹ̀jẹ̀ ta orin ìyìn. Fún C6 tó ní G lókè, .012 ni okùn àkọ́kọ́. Fún E lókè,.015, fún G# tí mo sọ yìí,.011. Bí ọrùn bá ṣe gùn tó ni okùn á ṣe le tó, torí náà wọn tìrẹ kí o tó rà.

Ọrùn tí o ń lò jù ni kó súnmọ́ ikùn rẹ. Àwọn méjì tí o máa ń fò láàárín wọn nínú orin kan náà gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, torí ọ̀nà àárín ìkíní sí ìkẹta jìn nígbà tí onílù bá ń sáré. Kí o sì wá aṣọ bo èyí tí o kò lò, nítorí okùn rẹ̀ á máa kùn tẹ̀ lé ọ. Àjákù àǹkárá tí a dá níbi ìsìnkú màmá àgbà wa ló wà lórí tèmi, mo ṣẹ́ ẹ po ní ìlọ́po méjì.