Ẹsẹ̀ Tó Rọ́ àti Ẹsẹ̀ Tó Kán: Bí A Ṣe Lè Dá Wọn Mọ̀ Lóko àti Nílé

Abẹ́ òkúta la tẹ̀dó sí ní Abẹ́òkúta, òkúta náà sì ni ẹsẹ̀ wa ń kọ́kọ́ bá pàdé. Ẹni tó ń ti oko Ọ̀dẹ̀dá bọ̀ pẹ̀lú ẹrù iṣu lórí, ẹni tó ń fo láti ebè dé ebè nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ìyá aláró tó ń gbé omi sọ̀kalẹ̀ ní Ìtòkú, kò sí èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè yí lójijì. Ohun tí ará ilé yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ṣé ó rọ́ ni, àbí ó kán?"

Bí ẹsẹ̀ bá rọ́, iṣan tó so eegun mọ́ eegun ní ọrùn ẹsẹ̀ ló fà jù tàbí tó ya, ṣùgbọ́n eegun fúnra rẹ̀ kò ní nǹkan kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, àtẹ́lẹsẹ̀ ló máa ń yí sínú, iṣan tó wà níwájú àti nísàlẹ̀ kókósẹ̀ tòde yóò sì jẹ ìyà rẹ̀. Ẹ má ṣe fi wíwú dájọ́, nítorí ẹsẹ̀ tó rọ́ lè wú bí ẹ̀kọ tutù, kí ó sì dúdú fún ẹ̀jẹ̀ tó dà sábẹ́ awọ, nígbà tí èyí tó kán lè má wú tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ń mì kò fi hàn pé eegun kò kán. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí ti fi ọ̀pá ti ara mi rìn fún ọjọ́ mẹ́ta lórí eegun tó ti là, nítorí pé ọmọ ìka mi ń mì. Ọjọ́ tí ọwọ́ mi ṣèèṣì kan ẹ̀yìn kókósẹ̀ tí mo sì figbe ta ni mo tó gba ilé ìwòsàn lọ.

Ní 1992, àwọn dókítà kan ní ìlú Ottawa, lórílẹ̀-èdè Kánádà, gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n ya àwòrán eegun rẹ̀, nítorí pé nínú ènìyàn 100 tó bá gbé ọrùn ẹsẹ̀ tó fara pa wá, àwọn tí eegun wọn kán ní tòótọ́ kì í tó 15. Ìtẹ̀wò náà rọrùn. Kí aláìsàn jókòó, kí ẹ na ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àpótí, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò tẹ etí ẹ̀yìn kókósẹ̀ tòde díẹ̀díẹ̀, láti ṣóńṣó rẹ̀ nísàlẹ̀ lọ sókè ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 6, èyí tí kò tó ìbú ìka mẹ́rin àgbà tán. Ẹ ṣe bákan náà sí kókósẹ̀ tinú. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ kókó eegun tó yọ ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ lóde, ní agbedeméjì gìgísẹ̀ àti ìka tó kéré jù, kí ẹ sì tẹ eegun tó wà níwájú kókósẹ̀ tinú. Eegun ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe ẹran tó wú. Bí ọ̀kan nínú ibi mẹ́rin yìí bá dunni gan-an, tàbí tí aláìsàn kò lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, kódà pẹ̀lú títiro, nígbà tó ṣubú àti nísinsìnyí, ó gbọ́dọ̀ lọ ya àwòrán eegun. Bí ó bá jẹ́ pé ibi rírọ̀ níwájú kókósẹ̀ tòde nìkan ló ń dùn ún, tó sì ń rìn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ rírọ́ lásán.

Ìtẹ̀wò yìí kò ṣeé gbára lé fún ọmọ kékeré, ẹni tó ti mutí, tàbí ẹni tí àtọ̀gbẹ ti mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tìpìrì. Ẹ kàn gbé wọn lọ ni.

Bí ẹsẹ̀ bá ti wọ́, tí eegun yọ síta, tàbí tí ìka ẹsẹ̀ tutù tí àwọ̀ rẹ̀ sì ṣì, ẹ má tẹ ohunkóhun wò. Ẹ fi ìrọ̀rí tàbí páálí ká a mọ́lẹ̀, kí ẹ fi ọ̀já dè é láìfún un, kí ẹ sì gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìdí-Abà tàbí Ìjàyè. Kẹ̀kẹ́ Márúwá sàn ju ọ̀kadà lọ, nítorí ẹsẹ̀ tó rọ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà á máa gbọ̀n sọ́tùn-ún sósì ní gbogbo kòtò.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa á kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ bàbá tó ń to eegun lọ, mi ò sì wá láti bu ọlá wọn kù. Ṣùgbọ́n ọparun tí a dè fún jù lè gé ẹ̀jẹ̀ kúrò ní ẹsẹ̀ títí tí ẹran yóò fi kú, tí wọn yóò sì gé ẹsẹ̀ náà. Bí ìka bá ń dúdú tàbí tí kò mọ nǹkan lára mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n dè é, ẹ tú u lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má dúró de ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Fún èyí tó rọ́, ẹ fi aṣọ wé omi inú ọ̀rá tó ti di yìnyín, kí ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta, ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ẹ gbé ẹsẹ̀ náà ga ju àyà lọ tí aláìsàn bá dùbúlẹ̀. Omi gbígbóná àti fífi òróró ra á kò yẹ ní ọjọ́ wọ̀nyí, nítorí wọ́n ń mú kí ó wú sí i. Lẹ́yìn náà kí ó máa rìn díẹ̀díẹ̀ bí ìrora bá ti gbà á láyè. Bí ọjọ́ márùn-ún sí méje bá kọjá tí kò sì tíì lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀, kí ó lọ ya àwòrán eegun, kódà bí ìtẹ̀wò ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kò bá dun ún.