Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nídìí compressor: ẹ yé pa gángan lẹ́nu mọ́

Owó tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí mixing (pípo àwọn ohùn inú orin pọ̀ kí wọ́n bára mu) ń kó sórí compressor, ohun tó ń fún ohùn tó bá pariwo jù mọ́lẹ̀, ń ká mi lára. Lónìí wọ́n ra eléyìí, lọ́la wọ́n ra òmíràn, orin wọn ò sì kúrò lójú kan. Compressor tó bá software yín wá tó iṣẹ́ ẹ ṣe. Ọwọ́ tó ń yí i ni kò tíì mọ ohun tó ń wá.

Àkọ́kọ́: gbígbé compressor lé gbogbo tíráàkì (ohùn kọ̀ọ̀kan tí ẹ gbà sílẹ̀ lọ́tọ̀) kí ẹ tó gbọ́ orin rárá. Èyí tó bá ti jókòó dáadáa, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ìkejì: ríronú pé compressor inú kọ̀ǹpútà yóò tún ohùn tó ti fọ́ ṣe. Bí iná pupa bá ti tàn lára interface, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn wọ kọ̀ǹpútà, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹ dín gain (bí ohùn tó ń wọlé ṣe lágbára tó) kù, kí ibi tí olórin ti pariwo jù máa kan nǹkan bí −10 dB; 0 ni òkè pátápátá. 24-bit ni ẹ fi ń gbà á sílẹ̀, ààyè wà.

Ìkẹta ni attack, ìyẹn bí compressor ṣe ń yára gbá ohùn mú tó. Òun ló ń bí mi nínú jù, nítorí gángan ló ń jìyà rẹ̀. Wọ́n á gba ìlù tó dára sílẹ̀, wọ́n á gbé 1176, irú compressor kan tó ń yára gan-an, lé e lórí, wọ́n á yí attack délẹ̀. Lára 1176, bí ẹ bá ṣe ń yí attack sápá ọ̀tún ló ń yá sí i. Ọ̀pọ̀ ló ń yí i sọ́tùn-ún tí wọ́n rò pé àwọn ń dẹ̀ ẹ́. Kódà, ibi tó lọ́ra jù lára rẹ̀ kò pé millisecond kan (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá): 0.8 ni. Kọ̀ǹgọ́ ò ní tíì kúrò lára awọ tán tí compressor á ti gbá ohùn rẹ̀ mú.

Ẹ wo ohun tó ń bàjẹ́. Ọsán tí onílù ń fún lábẹ́ apá ló ń gbé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹgọ́ ṣe ń ba awọ ni etí wa fi ń mọ ibi tí sílébù kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gé orí ohùn yẹn kúrò, ìlù á ṣì máa ròkè, á máa rọlẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra, bí ìgbà tí àgbà tí kò léyín mọ́ bá ń sọ̀rọ̀. Bí release (bí compressor ṣe ń yára tú ohùn sílẹ̀ tó) bá tún yá jù, saworo ara ìyáàlù á ròkè, á bo ohun gbogbo.

Mo wà ní sítúdíò kan n'Íbàdàn nígbà tí wọ́n gbé irú ìlù tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí i fún bàbá tó lù ú gan-an. Oríkì ni bàbá fi gángan kì. Bàbá tẹ́tí títí, wọ́n ní, "Kí ni mo ń wí níbẹ̀ yẹn?" Inú bí mi. A yọ 1176 kúrò, a fi òmíràn sí i: ratio (bó ṣe ń fún ohùn le tó) 3:1, attack 30 millisecond, release bíi 120, kí abẹ́rẹ́ tó ń fi bó ṣe ń dín ohùn kù hàn má ju 3 dB lọ. Kò pẹ́ tí bàbá fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu bá ìlù náà ki oríkì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí attack ti lọ́ra jù, ẹ máa mú un yá díẹ̀díẹ̀ títí ohùn kọ̀ǹgọ́ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kí ẹ wá dá a padà díẹ̀.

Make-up gain, ariwo tí ẹ fi ń dá èyí tí compressor dín kù padà, náà ń tan èèyàn. Ẹ fi 6 dB kún un, ó dùn, ẹ ní compressor ló ṣiṣẹ́. Ariwo ló kàn pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí òun àti èyí tí kò ní compressor dọ́gba ní ariwo kí ẹ tó dájọ́. Fáànù àti jẹnẹrétọ̀ ìta náà gba 6 dB yẹn o. Bí olórin bá dákẹ́ láti mí, àwọn ni ẹ ó máa gbọ́. Ẹ pa fáànù bí ẹ bá ń gba ohùn sílẹ̀, bí ooru tilẹ̀ ń mú.

Lórí mix bus, ibi tí gbogbo tíráàkì ti ń pàdé, báàsì ló máa ń ti compressor tí ohùn olórin á fi máa rì. Ẹ tan high-pass tó wà ní sidechain rẹ̀ (ohùn tí compressor fi ń mọ ìgbà tó máa fún orin), ẹ gbé e sí bíi 100 Hz, kí ohùn ìsàlẹ̀ má baà máa tì í.

Ẹ tún yé fún gbogbo orin pa nítorí kó lè pariwo ju ti ẹlòmíràn lọ. −14 LUFS (òṣùwọ̀n bí orin ṣe ń pariwo sétí tó) ni Spotify máa ń fà á wá sí. Wọ́n á dín ariwo náà kù, ìfúnpa tí ẹ ṣe á ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń fi orin ránṣẹ́ sí ẹni tó máa ṣe mastering (àtúnṣe ìkẹyìn), ẹ yọ limiter, èyí tí kì í jẹ́ kí ohùn kọjá ibi kan, kúrò lórí mix bus. Ẹ fi èyí tó ní limiter kún un lọ́tọ̀, kó lè mọ bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ.